Àánú kì í fi ohun olóhun tọrẹ: àlàyé lórí ìdájọ́ òdodo àti àánú nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni

Akápò ìjọ kan kó owó tí àwọn èèyàn dá fún kíkọ́ ilé ìjọsìn jẹ. Àṣírí tú, ó sunkún, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọ dárí ji òun. Apá kan nínú ìjọ ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, nítorí Jésù ní ká máa dárí jini nígbà àádọ́rin lọ́nà méje. Apá kejì ní kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, nítorí Ọlọ́run kórìíra olè jíjà. Àwọn méjèèjì ní ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́, oníkálùkù sì gbà pé èkejì ló ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Irú àríyànjiyàn yìí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ, nínú ìdílé àti níbi iṣẹ́, ẹni tó lẹ́nu jù ló sì sábà máa ń borí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni pé wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti máa wo ìdájọ́ òdodo àti àánú bí orogún: bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìnkùlé jáde. Bíbélì kò kọ́ni bẹ́ẹ̀. Míkà 6:8 so méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì fi rírìn ní ìrẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run kún un. Ní Mátíù 23:23, Jésù bá àwọn Farisí wí pé wọ́n ń san ìdámẹ́wàá ewébẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọgbà wọn, wọ́n sì pa ìdájọ́ òdodo, àánú àti ìgbàgbọ́ tì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè ní ohun tó wúwo jù nínú òfin. Kò ní kí wọ́n ṣa ọ̀kan mú nínú wọn.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń tú púpọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí: ta ni wọ́n ṣẹ̀, ta sì ni wọ́n jẹ ní gbèsè? Ìdájọ́ òdodo ni pé kí ohun tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ rẹ̀. Àánú ni pé kí ẹnì kan mú nínú ohun tirẹ̀, ìbáà jẹ́ owó, àkókò tàbí ẹ̀tọ́ láti gbẹ̀san, kó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tí kò lè fi agbára béèrè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ni ohun kan nìkan ló lè fi ṣàánú. Adájọ́ tó tú olè sílẹ̀ láìjẹ́ kó dá ẹrù olóhun padà kò tíì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ohun olóhun ló fi ń ṣe inú rere. Òwe 17:15 sọ pé ẹni tó dá ẹlẹ́bi láre àti ẹni tó dá olódodo lẹ́bi, àwọn méjèèjì ni Olúwa kórìíra.

Ẹ fi ìbéèrè yìí wo ọ̀ràn akápò náà. Olùṣọ́-àgùntàn lè dárí jì í fún bó ṣe já òun kulẹ̀, torí òun ló já kulẹ̀. Kò lè dárí owó tí opó kan fi sínú àpótí jì í lórúkọ opó náà. Àwọn tó dá owó ló lè jókòó ní ìpàdé gbangba, kí wọ́n ka iye owó náà sétí gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì fẹnu kò bóyá wọn yóò yọ̀ǹda nínú rẹ̀ tàbí wọn kò ní yọ̀ǹda. Kí ìpàdé náà tó wáyé, ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ẹbí akápò, tí kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, yẹ ìwé owó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ohun tí wọ́n rí nìkan ni èèyàn sábà máa ń jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí akápò kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé báńkì sílẹ̀. Kí àdéhùn bí yóò ṣe máa san owó padà wà lórí ìwé, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Bí òfin orílẹ̀-èdè bá sì ní kí ìjọ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ìjọba létí, àwọn aṣáájú kò ní àṣẹ láti fi í pa mọ́.

Gbèsè tí à ń pè ní ọrẹ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń dun aláìní jù, ni pé ká fi gbèsè tọrẹ. Agbanisíṣẹ́ kan dá owó òṣìṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, ó wá pín ẹ̀bùn fún wọn lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọ́n sì ń pè é ní olóore nínú ìjọ. Léfítíkù 19:13 kò gbà kí owó alágbàṣe sùn sọ́wọ́ ọ̀gá títí di òwúrọ̀. Diutarónómì 24:15 ní kí ó gba owó náà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Jákọ́bù 5:4 sọ pé owó ọ̀yà tí wọ́n dá dúró ń ké, igbe àwọn olùkórè sì ti dé etí Olúwa. Kí agbanisíṣẹ́ yìí tó lè ṣàánú ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ san owó oṣù mẹ́ta náà. Ohun tó bá fi lé e lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀bùn.

Òfin Mósè tilẹ̀ sọ ọ̀pọ̀ ohun tí àwa yóò pè ní àánú di ẹ̀tọ́. Léfítíkù 19:9-10 ní kí olóko má kórè eteetí oko rẹ̀ tán, kó má sì padà lọ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ti tálákà àti àlejò ni. Olóko kọ́ ló ń yan ẹni tí yóò wá pèéṣẹ́. Tálákà náà kò sì jókòó sílé kí wọ́n gbé e wá fún un. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa á, bí Rúùtù ti ṣe. Ní ọdún kẹta-kẹta, ìdámẹ́wàá irè oko máa ń dúró nínú ìlú fún àwọn ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó (Diutarónómì 14:28-29). Ẹni tó bá sì dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún keje kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo: kó fún un nínú agbo ẹran, nínú ilẹ̀ ìpakà àti nínú ibi ìfúntí rẹ̀ (Diutarónómì 15:13-14).

Ti ohun ìdógò ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Diutarónómì 24:6 àti 10 sí 13 sọ pé ẹni tó yáni lówó kò gbọ́dọ̀ wọ ilé onígbèsè lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni yóò dúró sí kí onígbèsè fúnra rẹ̀ mú un wá. Kò gbọ́dọ̀ gba ọlọ, nítorí ohun tí wọ́n fi ń rí oúnjẹ òòjọ́ ni. Bó bá gba aṣọ ìbora tálákà, kó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ kíyè sí i pé gbèsè náà ṣì wà, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Ohun tí òfin dáàbò bò ni iyì onígbèsè, oorun rẹ̀ àti ohun tó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba gbèsè lọ́wọ́ èèyàn lónìí lè lo ìlànà yìí bó ṣe wà: ẹ má ṣe béèrè owó níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe gba irinṣẹ́ tó fi ń wá owó tí yóò san fún yín, ẹ sì má ṣe tẹ orúkọ rẹ̀ síta.

Nínú Jeremáyà 22:13-16, wòlíì bá ọba Jèhóíákímù wí pé ó fi àìṣòdodo kọ́ ààfin, kò san owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ó wá rán an létí Jòsáyà baba rẹ̀, tó gba ẹjọ́ tálákà àti aláìní rò, ó sì béèrè bóyá kì í ṣe ohun tí mímọ Ọlọ́run jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ iye tí ẹ fẹ́ fi ṣe ọrẹ àánú lóṣù yìí, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ lówó iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti san án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ kò mọ olówó, kò mọ tálákà

Gbogbo wa mọ̀ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń yí ẹjọ́ po. Ìyọ́nú náà lè yí i po, èyí ni àwọn onínúure kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ́kísódù 23:6 ní ká má yí ẹjọ́ tálákà po, ẹsẹ 3 nínú orí kan náà sì ní ká má ṣe gbè sẹ́yìn tálákà nínú ẹjọ́ rẹ̀. Léfítíkù 19:15 sọ méjèèjì pa pọ̀. Bí tálákà bá jẹ̀bi olówó, ẹ sọ pé ó jẹ̀bi. Bí àánú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ bá a san án láti inú àpò yín.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe nínú ìwé Fílémónì gan-an nìyẹn. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún Ónẹ́símù, ẹrú tó kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì. Kò sọ pé bí Ónẹ́símù bá jẹ ohunkóhun, kí Fílémónì gbàgbé rẹ̀. Ní ẹsẹ 18 àti 19, ó ní kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn, òun yóò san án, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà. Alágbàwí tó fẹ́ kí àánú wọlé gbé owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́, Yorùbá ti ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe 18:17 sọ irú rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ máa ń dà bí olódodo títí ẹnìkejì yóò fi dé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Diutarónómì 19:15 sì ní ẹ̀rí ẹnì kan kò tó. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pè wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ìbátan ọ̀kan nínú wọn, tàbí tó ń jẹ lára rẹ̀, kó dìde kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Jákọ́bù 2:1-4 kìlọ̀ pé ìjókòó tí ẹ fún onírùúrú èèyàn nínú ìjọ ti jẹ́ ìdájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ohun mẹ́rin tí à ń pè ní ìdáríjì

Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pé "dárí jì í", ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ipò tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀san. Èyí ni Kristi ń béèrè lọ́wọ́ onígbàgbọ́ láì dúró de ohunkóhun. Róòmù 12:19 ní ká fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi aago lé ẹni tó ń jẹ̀rora.

Èkejì ni ìsanpadà. Olè tó bá ti pa àgùntàn tó jí tàbí tó ti tà á yóò san mẹ́rin. Ti màlúù jẹ́ márùn-ún. Bí ẹran náà bá ṣì wà láàyè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò san méjì (Ẹ́kísódù 22:1, 4). Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ irẹ́jẹ yóò dá gbogbo rẹ̀ padà, yóò fi ìdá márùn-ún kún un: bí ó bá jẹ́ 100, 120 ni yóò san (Númérì 5:7). Kódà bí ẹni tó ni ín bá ti kú, ìbátan rẹ̀ ni yóò gbà á. Bí kò bá sí ìbátan, a ó fi fún Olúwa lọ́wọ́ àlùfáà, kì í padà sápò ẹni tó jẹ̀bi. Ìjọ Kristẹni kò sí lábẹ́ òfin ìjọba Ísírẹ́lì ìgbàanì, àmọ́ Sákéù agbowó orí mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin (Lúùkù 19:8). Ìgbà tó sọ̀rọ̀ yẹn tán ni Jésù sọ pé ìgbàlà wọ ilé rẹ̀. Ẹkún akápò kì í ṣe ìsanpadà.

Ẹ̀kẹta ni ìlàjà, pé kí àwọn méjèèjì tún jọ máa rìn. Ẹni méjì ló ń ṣe èyí, nítorí náà kò lè wáyé láìsí ìrònúpìwàdà. Lúùkù 17:3 ní kí a bá arákùnrin tó ṣẹ̀ wí; bó bá ronú pìwà dà, ká dárí jì í. Ẹ̀kẹrin ni dídá ẹni náà padà sí ipò tó wà. Bíbélì kò ṣèlérí èyí fún ẹnikẹ́ni rárá. Wọ́n lè dárí ji akápò pátápátá, kó máa jẹun Olúwa pẹ̀lú wọn, kó má sì tún fọwọ́ kan owó ìjọ mọ́ láéláé. Àánú ni ìyẹn pẹ̀lú, torí pé wọ́n mú un jìnnà sí ibi tó ti ṣubú.

Àkàwé ìránṣẹ́ aláìláàánú, Mátíù 18:23-35, ni àwọn èèyàn máa ń fi dí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lẹ́nu. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ìránṣẹ́ náà jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí 6,000 dénárì, dénárì kan sì ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Gbèsè náà jẹ́ owó iṣẹ́ nǹkan bí 60,000,000 ọjọ́. Ti ìránṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 100 dénárì. Owó tí ọba fagi lé, owó ọba ni; òun ló pàdánù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbélébùú rí nínú Róòmù 3:25-26: Ọlọ́run kò díbọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe gbèsè, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìnáwó rẹ̀, kí ó lè jẹ́ olódodo, kó sì dá ẹni tó gba Jésù gbọ́ láre. Ẹni tó bá wá fi àkàwé yìí fipá mú opó láti gbàgbé owó rẹ̀ ti fi opó sípò ọba tó ní ìṣúra.

Nígbà tí ọ̀ràn náà bá jẹ́ ìwà ọ̀daràn

Mátíù 18:15-17 fún wa ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta: lọ bá a ní ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání, bí kò bá tún gbọ́, sọ fún ìjọ. Ìlànà rere ni fún èdèkòyédè àti ẹ̀ṣẹ̀ láàárín arákùnrin sí arákùnrin. Ó di ohun ìjà nígbà tí wọ́n bá lò ó fún ọmọdé tí àgbàlagbà fipá bá lò pọ̀, tàbí aya tí ọkọ ń lù. Ẹ má ṣe rán ẹni tí wọ́n ń ṣe ní ibi láti lọ dá pàdé ẹni tó ń ṣe é.

Níbi tí ọmọdé bá ti sọ nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ fetí sí i, ẹ má ṣe da ìbéèrè bò ó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá tàbí àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé létí lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe fi ìwádìí inú ìjọ ṣíwájú. Àwọn tó bi ọmọ léèrè léraléra lè ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ ní ilé ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọdé kankan nínú ìjọ títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta tí 1 Tímótì 5:19 béèrè wà kí a má bàa fi àhesọ ba alàgbà jẹ́; kò ní ká dákẹ́ títí ọmọ kejì yóò fi farapa. Ẹsẹ 20 tó tẹ̀ lé e ní ká bá àwọn tó ń ṣẹ̀ wí níwájú gbogbo ènìyàn. Róòmù 13:4 sì sọ pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni aláṣẹ tó ń fìyà jẹ ẹni tó ń ṣe búburú, nítorí náà ẹni tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kò ṣẹ̀ sí ìgbàgbọ́.

Àánú ṣì ní iṣẹ́ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ká kí ẹjọ́ tó parí. Kó ní agbẹjọ́rò. Bó bá dé ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ wò (Mátíù 25:36), kí aya àti ọmọ rẹ̀ má sì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè bá ń dárí jini

Ìbéèrè "ta ni wọ́n ṣẹ̀" le jù nígbà tí ìjọba bá ń dárí jini. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọdún 1995 dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀ láti wádìí ìwà ibi ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà (apartheid), Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu sì jẹ́ alága rẹ̀. Ẹni tó bá sọ gbogbo òtítọ́ nípa ìwà ọ̀daràn tó hù nítorí ìṣèlú lè rí ìdáǹdè kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́. Ó lé ní 7,000 tó béèrè. 849 ni wọ́n fún. Ìdílé Steve Biko, ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó kú sí àtìmọ́lé ọlọ́pàá, wà lára àwọn tó pe ẹjọ́ ní 1996 pé ìjọba kò lè gba ẹ̀tọ́ àwọn láti pe apànìyàn lẹ́jọ́. Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè kò gbè wọ́n. Òtítọ́ tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ṣeyebíye gidigidi, ọ̀pọ̀ òbí ló tibẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí. Àmọ́ ìdáǹdè fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ń dúró títí di 2003 kí ìjọba tó pinnu láti fún wọn ní 30,000 ráńdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tó kéré sí ohun tí ìgbìmọ̀ dábàá. Ti Bìrìtéènì burú ju ìyẹn lọ: òfin 1833 tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ ọba rẹ̀ ya 20,000,000 pọ́ún sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú, kò sì fún àwọn ẹrú fúnra wọn ní kọ́bọ̀. Àwọn Kristẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún òmìnira wọn ṣe ohun ńlá, àmọ́ gbèsè náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jẹ.

Bí a ṣe ń ṣètò ọrẹ àánú

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-6, àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fò wọ́n dá nígbà pínpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, orúkọ méjèèje tí wọ́n sì yàn jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà: kí àwọn tí ètò náà máa ń fò dá wà lára àwọn tó ń pín in. Kí ó tó ẹni mẹ́ta, kí wọ́n má jẹ́ ẹbí kan náà, kí ẹni méjì máa ka owó pọ̀, kí ìwé sì wà. Pọ́ọ̀lù pàápàá kò dá gbé owó ọrẹ. 2 Kọ́ríńtì 8:18-21 fi hàn pé ó rán àwọn míì lọ kí ẹnikẹ́ni má bàa fẹ̀sùn kàn án. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tí ẹ fún.

Kí ẹ tó fúnni, ẹ bi í léèrè ohun tó fa àìní rẹ̀. Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ fún un. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá kò san owó rẹ̀, tàbí pé ẹnì kan gba ilẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní ohun tí yóò jẹ lónìí, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tàbí agbẹjọ́rò lọ́la (Òwe 31:8-9). Ìjọ tó ń bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù láì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ọ̀gá ló ń bá san owó.

Ní ti yíyá owó, ẹ sọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín bóyá ẹ̀bùn ni tàbí àwìn, nítorí àìsọ èyí ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù. Ẹ kọ àwìn sílẹ̀. Ẹ má ṣe gba èlé lọ́wọ́ tálákà (Ẹ́kísódù 22:25). Bí ọjọ́ bá pé tí kò lè san, ẹ bi í ní iye tó lè máa mú wá láìjẹ́ pé ilé rẹ̀ kò jẹun, kí ẹ sì gba ìyẹn. Bí ẹ bá wá fẹ́ fagi lé ìyókù, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kó ìwé fún un, kí ọmọ yín má bàa lọ sin gbèsè náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú yín.